Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Dé Ìjàyè

Ògo ni fún Ọba tó ń ṣí ìlẹ̀kùn tí àwa ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n tì! Ẹ jẹ́ ká gbé E ga! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ohùn yín ò dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà.

Pásítọ̀ wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọ̀ṣọ́ ìkórè. Pásítọ̀ ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣáájú ìsìn, wọ́n ní kí n jọ̀wọ́, kí n má pẹ́ lórí ìdúró. Wọ́n mọ̀ mí. Èmi náà mọ ara mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, àwọn tó kàwé jù mí lọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń ké ọ̀rọ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá ọ̀tún yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kejì. Ta lẹ rí níbẹ̀? Ìyá mi ni. Ẹ wo gèlè búlúù lórí wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wò mí bí ẹni pé n óò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Torí pé wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn lónìí ni mo ṣe dìde. Olúwa, mo dúpẹ́!

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìbàdí ló kọ́kọ́ ń dun Màmá, ó sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún, ó wá di pé wọn ò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọ̀kadà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Fọlákẹ́, wá mú wọn lọ sílé tirẹ̀ ní Òjóò kí wọ́n lè sún mọ́ dókítà. Dókítà tọ́jú wọn dáadáa, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ ẹni kì í ṣe ilé ẹni. Ìkórè èṣí dé, Màmá ò sí níbí. Iṣu tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ ara wọn gbé wá síwájú, èmi ni mo bá wọn gbé e. Nígbà tí mo dé Òjóò láti ròyìn fún wọn, wọn ò béèrè ìwàásù, wọn ò béèrè orin. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, “Ta ló jókòó sáyè mi?”

Mo dárúkọ ẹni náà. Ẹ má wo ojú ara yín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí.

Màmá wá ní, “Àkànní, ìkórè tó ń bọ̀, n óò wà níbẹ̀. Bí mi ò bá fi ẹsẹ̀ mi wọlé, a jẹ́ pé ẹ óò gbé mi wọlé nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju òtútù ọyẹ́ lọ. Mo lọ bá dókítà. Ó ní kò sí ohun tó ní kí Màmá má rìn, ohun tóun ò fẹ́ ni kí wọ́n fún mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní ká wá ọkọ̀ tí wọ́n ti lè na ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹnu mi ló kó bá mi níbẹ̀. Dípò kí n sọ pé a ó wá takisí, mo fọwọ́ sọ̀yà níwájú Màmá, mo fọwọ́ sọ̀yà níwájú dókítà, mo ní ọkọ̀ tèmi ni yóò gbé wọn délé. Èmi tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ sóko ẹ̀gẹ́! Màmá sì di ọ̀rọ̀ náà mú. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò wá ọkọ̀ gbé wọn wá sílé, wọ́n á ní rárá o, ọkọ̀ Àkànní làwọn ń dúró dè.

Bí mo ṣe rí ọkọ̀ rà, Ọlọ́run nìkan ló yé. Gaàrí mọ̀ nípa rẹ̀, iṣu mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n júwe Alhaja kan fún mi ní Ìbàdàn, obìnrin kan tó ní ọkọ̀ púpọ̀ tó fi ń ṣe háyà. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó á wá háyà rẹ̀, ẹni tó ti òkè òkun dé tó fẹ́ máa yan káàkiri ìlú á wá háyà rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti sin Alhaja dé ìwọ̀n kan, wọ́n á tà á, wọ́n á ra òmíràn. Ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n fẹ́ tà ni mo rà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aláwọ̀ eérú tí àga iwájú rẹ̀ ṣeé fà sẹ́yìn kí àgbàlagbà na ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yin obìnrin yìí níbi tí mo dé yìí, nítorí ó yẹ ní yíyìn. Alhaja ò fi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n fi ibi tí wọ́n ti tún un kùn hàn mí. Wọ́n fi ibi tí ìyàwó ọ̀ṣìngín kan ti fi gìgísẹ̀ bàtà ya àga hàn mí. Wọ́n ní, “Bàbá Bọ́sẹ̀, ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ni o. Mi ò ní pè é ní tuntun fún yín.” Ẹ sọ fún mi, mélòó nínú ẹni tó ń ta ọkọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀?

Ìyàwó mi gbọn kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó rí yẹtí kan ṣoṣo, ó rí orín, ó rí èèpo ẹ̀pà, ó rí bébà wínníwínní tí wọ́n ń dà lé ìyàwó lórí. Ó wo gbogbo rẹ̀, ó ní, “Ó ti sin ènìyàn púpọ̀. Yóò sin àwa náà.” Ó fi yẹtí náà sínú àpò, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ìjọ yìí, tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ fìlà báyìí, òun ló ba inú mi jẹ́. Ó ní ọkọ̀ háyà, ṣé mo mọ irú ẹni tó ti jókòó síbẹ̀? Ó ní ọkọ̀ tó ti gbé ìyàwó, tó ti gbé olóṣèlú, tó ti tẹ̀ lé òkú lọ sí itẹ́, ṣé ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀ á kéré? Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín náà ò dé ikùn.

Ó di ọjọ́ tí a ń gbé e bọ̀ wálé, èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó mi. Láti Òjóò dé Mọ́níyà, ọkọ̀ ń lọ bí omi. Mo ń kí ẹni tí mo mọ̀, mo ń kí ẹni tí mi ò mọ̀. A yà sọ́nà Ìjàyè. A ti fi Mọ́níyà sílẹ̀ díẹ̀, a dé ibi tí gegele kan wà lójú títì ṣáájú afárá kékeré, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún tí igbó wà lósì. Mo rọra ń gun gegele náà. Ọkọ̀ kú.

Kò wúkọ́. Kò gbọ̀n. Ó kú jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tó sùn lọ.

Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Àwọn ọlọ́kadà bá wa tì í padà sọ́nà Mọ́níyà. Mẹkáníìkì dé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní bátìrì ni. A pààrọ̀ bátìrì. A tún kọjú sí Ìjàyè, a dé gegele yẹn, ọkọ̀ tún sùn. A tún tì í padà, ó tún jí. Mẹkáníìkì yọ èyí, ó nu tọ̀hún. Nígbà tó yá, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára sòkòtò, ó ní, “Bàbá, mo ti ṣe ìwọ̀n tèmi. Èyí tó kù, ó ju ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lọ.”

Kí ló dé tó sọ ọ́ báyẹn? Ìbá sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí wọ́n bí sínú ẹ̀rù, ṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ létí mi nìyẹn?

Ọlọ́kadà kan ló wá parí ẹ̀. Ó wo nọ́ḿbà ọkọ̀, ó ní, “Ọkọ̀ Ìbàdàn ni, àbí? Kò lè dé Ìjàyè. Ojú ń tì í.” Ó ní ṣé a ti gbàgbé ohun tí Ìbàdàn fojú Ìjàyè rí ni? Àwọn yòókù fi ẹ̀rín pa ara wọn. Ìyá Bọ́sẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọmọ Ìjàyè ló gbọ́ ìtàn yẹn láti kékeré, bí Ìbàdàn ṣe dó ti ìlú wa, bí ebi ṣe pa àwọn bàbá wa, bí wọ́n ṣe fọ́ ìlú tí àwọn tó ṣẹ́ kù túká. Mo ti ń kọ ebè nílẹ̀ yìí láti ọmọdé, mi ò rí òkú ogun kan rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, lójú gegele yẹn, mo gbà pé àwọn òkú ogun náà ti rí nọ́ḿbà ọkọ̀ mi.

Mo gbé ọkọ̀ pa mọ́ sí agbo ilé ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Mọ́níyà. Mo gun ọ̀kadà wálé. Ẹ wo ìyà! Mo ní ọkọ̀, mo ń gun ọ̀kadà. Ohun tó sì ń dá mi lágara ni pé ní Mọ́níyà, ní Òjóò, nínú Ìbàdàn, kò sí ohun tó ń ṣe é. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Màmá, wọ́n fọwọ́ pa á lára, wọ́n súre fún un, wọ́n ní ìgbà wo là ń lọ. Mo ní ó ku díẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní ká pe Alhaja. A pè, fóònù ò lọ. Ẹnì kan nínú ọgbà wọn ní Alhaja ti lọ sí Mẹ́kà, ká ní sùúrù kí wọ́n dé. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní òun ti ní sùúrù. Ẹ̀rù tèmi kì í ní sùúrù. Mo bu òróró, mo gbàdúrà sí i, mo fi pa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi pa sítíárìn. Sítíárìn wá ń yọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹja àrọ̀, díẹ̀ ló kù kí n wọ ìsọ̀ oníṣu kan lọ. Ẹ̀yin ará, Èṣù ò mọ nǹkan kan nípa tọjọ́ yẹn. Òróró mi ló fẹ́ pa mí.

Mo fẹ́ fo èyí tó kàn yìí, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń wò mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi nìkan tún gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ó kú gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí fìlà, mo kọjú sí oko. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́. Ọkọ̀ Ìbàdàn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjàyè ló ni ín báyìí. Ẹ jẹ́ kó kọjá.”

Ohùn kan dáhùn láti àárín ẹ̀gẹ́: “Kó máa kọjá. Ta ló dì í mú?”

Pásítọ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo sá. Èmi baba ọlọ́mọ, mo fi bàtà kan sílẹ̀, mo gbà kí ọkọ̀ náà di tiwọn. Àfìgbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi ni mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá Ráfíù ni, àgbẹ̀ tó ni oko náà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ro oko rẹ̀, ó gbọ́ tẹ́nì kan ń kí òun, ó sì dáhùn bí ọmọlúàbí. Ó mú bàtà mi dání wá bá mi. Ó ní ṣé iṣẹ́ àwọn oníṣègùn ni mo ń ṣe ni? Mo ní rárá, onígbàgbọ́ ni mí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin onígbàgbọ́ náà máa ń bẹ òkú?” Ó bá mi ti ọkọ̀ padà, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Ìkórè wá ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo lọ sí Òjóò láti lọ sọ fún Màmá pé kí wọ́n jẹ́ ká háyà ọkọ̀ ẹlòmíì, tàbí ká fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Mo bá wọn lórí àga, wọ́n ti yọ gèlè búlúù yẹn síta, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí itan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ro gbogbo ẹjọ́ náà, gegele, afárá, mẹkáníìkì, ogun Ìjàyè. Ti Bàbá Ráfíù nìkan ni mo yọ sílẹ̀.

Màmá ò bú mi. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n ní ṣé ojú ibì kan náà ló ti ń dúró? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní tí wọ́n bá tì í padà, ṣé ó máa ń jí? Mo ní ojú ẹsẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé mo rántí ewúrẹ́ abilà tí wọ́n rà lọ́wọ́ ìyá Músá nígbà tí mo wà ní kékeré?

Mo rántí. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé níbí, ẹni tó bá ta ewúrẹ́, okùn rẹ̀ kì í bá a lọ. Ẹni tó tà á á tú okùn tirẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ẹni tó rà á á so tirẹ̀ mọ́ ọn. Òjò ló dé lọ́jọ́ tí wọ́n ta tìyẹn, gbogbo wọn kánjú, wọ́n gbàgbé. Ewúrẹ́ ń wọ́ okùn kiri. Bó bá ti ń lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, á dé ojú kan, á dúró, á máa ké. Èmi ọmọdé, mo ní àjẹ́ ni. Mo sunkún. Ìyá Músá ló yà wá kí wa, ó tẹ̀ lé okùn náà dé ibi tí gbòǹgbò igi ti ń há a mú. Ó ní, “Okùn mi ló wà lọ́rùn ẹran yín.” Ó tú u. Ewúrẹ́ lọ.

Màmá wá sún mọ́ mi. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, mo kó o sórí. Wọ́n ní, “Àkànní, nǹkan tó bá ń dúró sójú kan náà nígbà gbogbo, wọ́n so ó ni. Òkú kì í ṣe iṣẹ́ déédéé tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọ, ṣé ó ti tú okùn rẹ̀?”

Ẹ yin Olúwa! Ìyá tí kò wa ọkọ̀ rí! Ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó jókòó sójú kan ní Òjóò, tó rí ohun tí èmi tí mo ń sáré kiri ò rí! Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde kí n lọ bá ẹni tó ta ẹran.

Ọlọ́run ṣe é, Alhaja ti Mẹ́kà dé. Èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀ bá wọn nílé, wọ́n fún wa ní dàbínù àti omi sámúsámù tí wọ́n mú bọ̀ láti Mẹ́kà. Mo ro ẹjọ́. Mo ń sọ ọ́ bọ̀, mo dórí gegele, mo rí i tí Alhaja fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní, “Àsìtàgífírúláì. Ẹ̀bi mi ni, Bàbá Bọ́sẹ̀. Ẹ̀bi mi ni.”

Wọ́n wá là mí lóye. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú gbogbo ọkọ̀ wọn, tírákà ni wọ́n ń pè é, tó máa ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ẹnì kan ti háyà ọkọ̀ wọn rí tó fẹ́ gbé e gba ẹnubodè lọ tà. Láti ìgbà náà, wọ́n ti pààlà fún àwọn ọkọ̀ náà yí ká Ìbàdàn. Tí ọ̀kan bá kọjá ààlà láìgbàṣẹ, ọkùnrin kan wà tó ń ṣọ́ wọn lórí fóònù. Á dúró títí ọkọ̀ náà á fi dín eré kù kó má baà fa jàǹbá, á wá ti ibi tó jókòó sí pa á. Tí ọkọ̀ bá padà sínú ààlà, á tú u sílẹ̀. Lọ́nà Ìjàyè, ibi gegele yẹn ni ààlà parí sí. Alhaja ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ta tèmi, ìrìn àjò Mẹ́kà ti gbà wọ́n lọ́kàn, wọn ò sọ fún ọkùnrin náà pé ọkọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn.

Wọ́n pè é lójú wa, wọ́n ṣí ohùn rẹ̀ síta. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ó ní, “Alhaja, ẹ kú àbọ̀. Oníbàárà tó háyà aláwọ̀ eérú yẹn lágídí o. Gbogbo ìgbà ló fẹ́ gbé e gba ọ̀nà Ìjàyè sá lọ sí Ìṣẹ́yìn. Mi ò gbà fún un.”

Alhaja ní, “Òun ló jókòó tì mí yìí. Òun ló ni ọkọ̀.”

Nígbà tí ọkùnrin náà máa fọhùn, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí. Ó ní kí n fi orí ji òun, nítorí òun ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn pé Ọlọ́run ń bá òun ṣẹ́gun olè kan. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí mi? Bí mo ṣe ń bẹ òkú lójú títì, ìjọ kan wà tó ń pàtẹ́wọ́ nítorí mi.

Alhaja ì bá ti ibẹ̀ ní kó tú u sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Ọkọ̀ ti di tèmi, kí ló tún kàn wọ́n? Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn yóò wá. Lọ́jọ́ kejì, Alhaja tẹ̀ lé ọkùnrin náà wá sí Mọ́níyà, ọkùnrin náà ki ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó yọ nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde tó tó páálí ìṣáná, iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Mo wò ó. Èyí ni gbogbo ọmọ ogun tó ń lé mi.

Ìyá Bọ́sẹ̀ wá kúnlẹ̀, ó ní kí Alhaja má bínú, ìyá wa àgbà rán wa níṣẹ́ pé kí wọ́n fi ẹnu tú okùn náà pẹ̀lú. Alhaja ò fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀, wọ́n ní, “Mo ti tú okùn mi. Ibi tó bá wù yín, ẹ máa gbé e lọ. Bó ṣe sìn mí, kó sìn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.” A ṣe àmín. Mùsùlùmí ṣe é, onígbàgbọ́ ṣe é, ọkùnrin onífóònù ṣe tirẹ̀ sókè ju gbogbo wa lọ. Ọlọ́run, mo dúpẹ́ fún obìnrin olóòótọ́! Ìyá Bọ́sẹ̀ wá rántí yẹtí kan ṣoṣo yẹn, ó yọ ọ́ lápò, ó fún wọn. Ọmọ wọn obìnrin ló ni ín. Ó ti wá a títí ó fi sú u.

Àná la lọ gbé Màmá. Wọ́n jókòó níwájú, mo fa àga sẹ́yìn, wọ́n na ẹsẹ̀ bí ọba. Iṣu ìkórè wọn wà lórí itan, wọn ò jẹ́ ká gbé e sẹ́yìn. A kúrò ní Mọ́níyà. Bí mo ṣe rí gegele lókèèrè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù. Mo mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́. Mo fojú ara mi rí i. Ẹ̀rù ò gbà. Mo rọra ń fà lọ bí ìgbín.

Màmá ní, “Kí lo dín eré kù tó báyìí fún? Ṣé o tún fẹ́ kí wọn ni?”

Mo wo ẹ̀yìn. Ìyá Bọ́sẹ̀ kọjú sí fèrèsé, ó ń wo igbó bí ẹni tí kò rí igbó rí. Ó ti sọ ti Bàbá Ráfíù fún wọn!

Mo gun gegele. Táyà iwájú kọjá. Táyà ẹ̀yìn kọjá. A gun afárá. Ọkọ̀ ń lọ. Bàbá Ráfíù wà lóko, ó rí wa, ó na ọkọ́ sókè, ó pariwo pé, “Kó máa kọjá o!” Omijé bọ́ lójú mi, mi ò ríran dáadáa mọ́. Màmá ní kí n nu ojú mi kí n máa wo ọ̀nà, wọ́n ní àwọn fẹ́ délé láàyè.

A délé. Ẹ rí wọn láàárọ̀ yìí, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wọlé, pẹ̀lú ọ̀pá, díẹ̀díẹ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé iṣu wọn síwájú. Ẹni tó sì wà láyè wọn, ó dìde fún wọn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà.

Ọlọ́run mi, O ṣeun! O ṣeun fún ìyá tó ń ronú, fún ìyàwó tí kò bẹ̀rù, fún Alhaja tó wá tú ohun tó so, fún Bàbá Ráfíù tó mú bàtà mi wá. Ìwọ ará tó wà nínú ìpọ́njú láàárín wa níbí, tí nǹkan rẹ ń dé ojú kan tó ń dúró, má tíì bẹ òkú. Má tíì da òróró sí i. Wá àgbà, kó o jókòó sílẹ̀, kó o sọ gbogbo rẹ̀ láìyọ nǹkan kan sílẹ̀. Wo ọrùn nǹkan náà dáadáa. Ó lè jẹ́ okùn ẹnì kan ló wà níbẹ̀, tí ẹni náà sì ti gbàgbé. Lọ bá a pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọlọ́run tó fi ewúrẹ́ abilà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yóò bá ọ lọ.

Ó ku nǹkan kan, Pásítọ̀, n óò jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bínú láti àárọ̀ pé ariwo ẹ́ńjìnnì kan ń dí ìwàásù lọ́wọ́ níta, èmi ni. Láti ìgbà tí mo ti gbé Màmá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò pa á. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá pa á, kò ní dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ́rìí, tí kò lè pa ẹ́ńjìnnì, kí ló wá ń jẹ́rìí sí?

Ìyá Bọ́sẹ̀, jọ̀wọ́, bá mi jáde lọ pa á.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Ó ti pa á. Ẹ ò rí bí gbogbo ibi ṣe dákẹ́! Tí a bá jáde tó dìde, ògo ni fún Ọlọ́run. Tí kò bá dìde, ẹ bá mi tì í. Màmá ti délé.